Òdòdó ẹni tí kò ráyè

Tí ẹ bá ń gbé ìlú òyìnbó, tí ẹ ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí ẹ sì ń ṣe náìtì bíi tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń ta òdòdó ò ní sọ fún yín: ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n tò síwájú gáàdìn sẹ́ńtà yẹn, kì í ṣe àwa ni wọ́n tò ó dè. Ẹni tó ti rẹ̀tayà ni wọ́n tò ó dè, ẹni tó lè jí láàárọ̀ kùtù lọ fi ìka kan ilẹ̀ wò bóyá ó ti gbẹ, tó lè máa ṣa ìgbín lórí ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò ní lè lọ sílé nínú oṣù kẹjọ torí ta ló máa bá a bomi rin dahlia ẹ̀. Èmi, ìgbà tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń gbé báàgì lọ sílé ìwé ni mò ń wọlé láti ibi iṣẹ́, tí mo bá sì máa fi jí, ọ̀sán ti pọ́n, ẹ̀bà ni mo máa kọ́kọ́ wá, kì í ṣe òdòdó. Síbẹ̀ òdòdó wà lẹ́yìn ilé mi, ó sì dáa. Ọdọọdún là ń rí orógbó, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ní Leeds níbí kọ́ńfíláwà ni èmi ń rí lọ́dọọdún, mi ò sì ṣe wàhálà kankan tó fi ń dé.

Kọ́ńfíláwà tí mò ń sọ yìí, Centaurea montana ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọ́n hóró ẹ̀ lọ́dọọdún tó ń kú pátápátá tí òtútù bá dé o. Èyí kì í kú. Ewé tó wà lókè ló ń kú, á dúdú, á rọ mọ́lẹ̀, ẹ máa rò pé ó ti parí nìyẹn, àmọ́ gbòǹgbò ń bẹ nísàlẹ̀ tí kò mira, tó bá ti di oṣù kẹta báyìí ẹ ó rí i tí ọ̀mùnú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ewé ṣóńṣó tó ní irun funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lára, tí àwọ̀ ẹ̀ wà láàárín ewé tútù àti eérú. Kò ga púpọ̀, nǹkan bíi 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà ni. Inú oṣù karùn-ún ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ìrudí ẹ̀ gan-an fúnra ẹ̀ tó wò, torí ìpẹ́ ló gorí ara wọn títí dókè, etí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan sì dúdú bíi pé ẹnì kan jókòó fi tìróò lé e níkọ̀ọ̀kan. Tó bá wá là, kò kún dí bíi róòsì, àyè pọ̀ láàárín ẹ̀, àwọn tó wà ní etí nà síta, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu wọn ya, àwọ̀ aró gidi, àárín ẹ̀ wá jẹ́ elésè àlùkò. Àwọn kan ò fẹ́ràn ẹ̀ torí ó dà bíi pé ó ya bàlàbàlà. Èmi, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn.

Orí àwọn òkè Yúróòpù nìlú ẹ̀, Alps, Pyrenees, títí dé àwọn òkè tó wà ní Ítálì, nínú pápá tí yìnyín máa ń bò mọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀, tí màlúù wá ń jẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá dé, tí àwọn àgbẹ̀ sì tún ń gé koríko ẹ̀ kalẹ̀ kí ẹran lè rí nǹkan jẹ nígbà òtútù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ ibẹ̀ ló ti wá. Nǹkan tí yìnyín bò, tí ẹran jẹ, tí wọ́n tún gé, tó ṣì ń hù padà, kí ni òtútù Leeds fẹ́ fi ṣe é? Àwọn ará England náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó ti lé ní 400 ọdún tí wọ́n ti ń gbìn ín sínú ọgbà wọn.

Èyí tó ń kú lọ́dọọdún ló lókìkí jù, ìyẹn Centaurea cyanus, tó máa ń hù fúnra ẹ̀ nínú oko wíìtì láyé àtijọ́ kí àwọn àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn pa koríko. Òun ni àwọn ará Faransé ń fi sáyà láti rántí àwọn sójà wọn tó kú lójú ogun, òun náà ni orílẹ̀-èdè Estonia mú ní òdòdó wọn láti 1968. Mọ̀lẹ́bí wọn kan tún wà, Centaurea depressa, tí wọ́n bá lára àwọn òdòdó tí wọ́n fi sórí pósí Tutankhamun, ọba Íjíbítì tí Howard Carter rí ibojì ẹ̀ ní 1922. Torí pé wọ́n mọ ìgbà tí òdòdó yẹn ń là níbẹ̀, òun wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ pé oṣù kẹta sí ìkẹrin ni wọ́n sin ọba yẹn. Ó lé ní 3,000 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín o! Àwọn òpìtàn ń wá wúrà, òdòdó gbígbẹ ló ń jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ilé jàre.

Èmi ò ra tèmi. Ìyá àgbàlagbà tó ń gbé lápá òsì wa ló bù ú fún mi lórí fẹ́ǹsì, iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára gbòǹgbò ẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà ti bò ó mọ́lẹ̀ kí n gbàgbé ẹ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ṣe ń ní i, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tó kéré jù lórí tábìlì wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkòkò ńlá gba owó yín, torí láàárín ọdún méjì ẹ ò ní mọ èyí tó wọ́n yàtọ̀ sí èyí tó pọ́ọ̀kú.

Ilẹ̀ àdúgbò wa, amọ̀ ni. Òjò bá rọ̀ á lẹ̀ mọ́ bàtà, ọ̀dá bá dá á sán. Kọ́ńfíláwà lè gbé inú amọ̀ o, ohun tí kò fẹ́ ni kí omi dá ró sí ìdí òun ní gbogbo ìgbà òtútù, ìyẹn lè jẹ gbòǹgbò ẹ̀ rà. Torí náà mo ro ilẹ̀ yẹn dáadáa, mo po òkúta wẹ́wẹ́ àti kọ́mpọ́ọ̀sì mọ́ ọn, mo gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ju gbòǹgbò ẹ̀ lọ, mo gbé e sí i kó bá ojú ilẹ̀ dọ́gba, mo bomi sí i. Kí ọ̀kan àti èkejì fi nǹkan bíi 45 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra, ẹ má wo bí wọ́n ṣe kéré, wọ́n máa gba àyè yẹn. Oòrùn ni kí ẹ wá fún un, tí kò bá tiẹ̀ rí i látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kó ṣáà rí i fún ìdajì ọjọ́. Ó lè gbé lábẹ́ òjìji díẹ̀ náà, àmọ́ ọrùn ẹ̀ á gùn, òdòdó ẹ̀ á dínkù. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa fi bomi rin ín tí òjò ò bá rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn gbòǹgbò ẹ̀ á ti lọ wá omi fúnra ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rí i tí àwọn èèyàn wa ń ṣìnà ni ti ajílẹ̀. Ohun tí Yorùbá bá fẹ́ràn, ó fẹ́ bọ́ ọ yó ni. Ọ̀rẹ́ mi kan lọ ra ìgbẹ́ ẹṣin báàgì báàgì dà sí ìdí tiẹ̀, ewé yẹn tóbi, ó tutù, ó ń dán, gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń kan sáárá sí ewé, òdòdó wá mélòó kan, gbogbo ẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lọ gbalaja lọ́jọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Tí ilẹ̀ bá lọ́ràá jù, igi ẹ̀ á rọ̀ ni. Ilẹ̀ tí kò lọ́ràá púpọ̀ ló ń mú kó dúró ṣánṣán. Ẹ fi ìgbẹ́ ẹṣin fún tòmátò yín.

Ìgbà tí màámi wá láti Ìbàdàn wá bá wa tọ́jú ọmọ, inú oṣù kẹfà ni, gbogbo ẹ̀yìn ilé ti di aró. Wọ́n jáde síta, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n wò ó títí.

“Kí ni wọ́n ń pe eléyìí?”

“Kọ́ńfíláwà ni, mà.”

“Ẹ máa ń jẹ ẹ́?”

“Rárá, mà.”

“Àgbo ni ẹ fi ń sè?”

“Rárá, mà. Ká máa wò ó náà ni.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ká máa wò ó.” Wọ́n wá fojú wọn ilẹ̀ yẹn láti fẹ́ǹsì dé fẹ́ǹsì, mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. “Ilẹ̀ tó gbọ̀ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ wá ń ra tẹ̀tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni wọ́n sọ, tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n fi bàálù kó wá, tó ti rọ, tí owó ẹ̀ jọ owó ẹran. Mo kàn sọ fún wọn pé ẹbí kan náà ni kọ́ńfíláwà àti ewúro, òun àti yánrin náà, àwọn tó ń kọ́ nípa ewéko ló pín wọn bẹ́ẹ̀, torí gbogbo wọn ni òdòdó wọn kì í ṣe òdòdó kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ òdòdó kéékèèké ló kóra jọ sórí kan tó wá dà bí ẹyọ kan. Màámi já ewé ẹ̀ kan, wọ́n jẹ ẹ́ wò kí n tó sọ pé ẹ dúró, wọ́n tu ú dànù, wọ́n ní tí ewúro bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ a jẹ́ pé ewúro ló mú ọgbọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kan nínú ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi, wọ́n fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí i, ó hù dáadáa, mi ò ní purọ́, a jẹ ẹ́ títí oṣù kẹsàn-án fi parí. Lẹ́yìn náà ni òtútù pa á lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ kí n tún wá hóró, kí n tún ro ilẹ̀, kí n tún fọ́n ọn ní gbogbo ọdún. Kọ́ńfíláwà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn òdòdó kéékèèké tó kóra jọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀ sí i torí ó dùn mọ́ mi. Àwọn tó tóbi tó nà síta ní etí yẹn, àgàn ni wọ́n, wọn kì í so. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa pe oyin. Àwọn kéékèèké àárín ni wọ́n ń so hóró. Tí oyin bá wá bà lé àárín yẹn, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan àwọn fọ́nrán tó wà nínú ẹ̀, ṣe ni fọ́nrán yẹn máa súnkì lójú ẹsẹ̀, á wá ti ẹbu jáde sára oyin. Ẹ lè fi ìka gbìyànjú ẹ̀ lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, kí ẹ rọra fọwọ́ kàn án kí ẹ wá tẹjú mọ́ ọn, ẹ máa rí i tó ń mira. Ọmọ mi àgbà lè wà nídìí ẹ̀ fún wákàtí kan. Àwọn oyin ńlá onírun tó ń kùn hùn-ùn yẹn ló ń wá jù, wọ́n á ti dé kí àwọn òdòdó míì tó jí. Èèrà náà máa ń gun ìrudí ẹ̀, ẹ má lọ gbé oògùn o, omi dídùn tó ń sun lára ìpẹ́ yẹn ni wọ́n ń wá lá, wọn ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀.

Ó wá di ìparí oṣù kẹfà. Ìgbà yìí ni òdòdó yìí máa ń burú lójú. Òjò á ti tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àárín ẹ̀ á là sí méjì, òdòdó àkọ́kọ́ á ti gbẹ di búráùn, ewé ìsàlẹ̀ á ti pọ́n, tí ilẹ̀ bá sì gbẹ, nǹkan funfun kan á bo ojú ewé, àrùn olú ni, òun ni wọ́n ń pè ní mildew. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọgbà á ní kí ẹ máa já òdòdó tó ti kú kúrò ní ẹyọ ẹyọ kí tuntun lè yọ. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́, tí ẹ bá ráyè. Èmi ò ráyè. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa gbé àlùmọ́gàjí ọgbà, mo máa di gbogbo ẹ̀ mú ní orí, ewé àti igi àti òdòdó tó kù, títí kan àwọn tó ṣì dáa, mo máa gé e kanlẹ̀, kó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ẹ̀ á wọ bíìnì ọgbà. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, mo máa da omi tó kún báàkẹ́ẹ̀tì kan sí ìdí ẹ̀. Ó tán.

Ìyàwó mi kì í fẹ́ wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, pàápàá tí èyí tó ṣì ń là bá wà níbẹ̀, ojú máa ń ro ó, ẹ máa fẹ́ dá díẹ̀ sí. Ẹ má dá a sí. Èyí tí wọ́n bá dá sí ló máa dúró gàgàrà láàárín ewé tuntun, tá á tún máa kó àrùn ran wọn. Ṣebí mo sọ pé orí òkè ni wọ́n ti bí i, pé màlúù ń jẹ ẹ́, pé wọ́n ń gé pápá náà kalẹ̀ lásìkò yìí gan-an? Àlùmọ́gàjí ò ṣàjèjì sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ewé tuntun á ti bo ilẹ̀, mímọ́ tónítóní, kò ní sí nǹkan funfun kankan lára ẹ̀, nínú oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án á tún là. Kò ní pọ̀ tó tàkọ́kọ́, ẹ má retí ẹ̀, àmọ́ á là.

Ohun tó wá jẹ́ kí n sọ pé òdòdó wa ni nìyí: ìgbà tí iléèwé bá gba hólídé tí a fẹ́ lọ sílé, ìgbà yẹn gan-an ni kò nílò ẹnikẹ́ni. Mo máa gé e, mo máa wọ bàálù, ẹ̀yìn mi ló máa hù. Èmi ò ní láti fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́, mi ò ní láti pe fídíò láti Ìbàdàn kí n máa ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí fóònù sápá ibí kí n rí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó dùbúlẹ̀ rárá lè ti igi wẹ́wẹ́ bọlẹ̀ yí i ká nínú oṣù kẹrin, ewé ẹ̀ á gbà á bò, kò ní hàn. Èmi kì í ṣe é.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé ohun tí kì í kú, kì í dúró sójú kan. Gbòǹgbò ẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, hóró ẹ̀ náà ń já bọ́ tó ń hù, tí ẹ bá sì fẹ́ hú u kúrò, èérún gbòǹgbò tó bá ṣẹ́kù sílẹ̀ lè tún sọ. Nílẹ̀ kékeré bíi tiwa èyí kì í ṣe wàhálà, tó bá kọjá ààlà ẹ fi ṣọ́bìrì gé e padà. Kí ẹ má kàn gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan ẹlẹgẹ́. Ẹ̀yin tó wà ní British Columbia ní Kánádà, ẹ kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ àwọn ará àdúgbò yín, torí ó ti sá kúrò nínú ọgbà wọ pápá níbẹ̀, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó ń gba ilẹ̀ mọ́ ewéko ilẹ̀ wọn lọ́wọ́. Gígé tí mo sọ yẹn náà wúlò níbí, torí èyí tí wọ́n bá gé kó tó gbó ò ní so hóró.

Tó bá ti tó bí ọdún mẹ́ta, àárín ìdí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Ẹ wú gbogbo ẹ̀ nígbà ìrúwé tàbí nínú oṣù kẹwàá, ẹ fi ṣọ́bìrì pín in, ẹ sọ àárín tó ti gbó nù, àwọn tó wà ní etí tó lọ́mùnú lẹ máa tún gbìn. Kò sí jẹ́jẹ́ níbẹ̀, ẹ gé e.

Oríṣi ẹ̀ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Alba funfun, ó dáa létí ògiri, ó máa ń hàn nírọ̀lẹ́. Carnea rẹ́súrẹ́sú pupa ni. Amethyst in Snow funfun létí, elésè àlùkò láàárín, òun nìkan ni mo lè fi owó mi rà. Jordy pọ́n dúdú, Black Sprite dúdú gan-an, nínú fọ́tò wọ́n máa ń rẹwà, àmọ́ ẹ gbìn ín sórí ilẹ̀ dúdú kí ẹ wá wá òdòdó yín tì. Gold Bullion, ewé ẹ̀ ló pọ́n yòò bíi wúrà nígbà ìrúwé, òdòdó ẹ̀ ṣì jẹ́ aró, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀, ojú mi ò gbà á. Èyí tí mo mọ̀ ni pé tí ẹ bá ti ra àwọn olórúkọ wọ̀nyí, pípín ni kí ẹ máa pín in, torí hóró wọn kì í fi gbogbo ìgbà jọ ìyá ẹ̀, ẹ lè fọ́n Jordy kí aró lásán jáde.

Ẹ̀yin tó wà ní Maryland tàbí Chicago, á ṣe yín dáadáa. Houston ńkọ́? Ooru ibẹ̀ pọ̀ jù, ó ń fẹ́ òtútù gidi tó máa sùn sí, kò sì fẹ́ràn ọ̀rinrin tó ń móoru lóru. Èkó àti Ìbàdàn, ẹ má dán an wò, ẹ má ní kí n fi gbòǹgbò ẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ búlúù nílé kó gbin plumbago sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ìyẹn ń là níbẹ̀ láìsí yìnyín. Nínú ìkòkò ńkọ́? Ó lè gbé ibẹ̀ tí ìkòkò yẹn bá jinlẹ̀, àmọ́ nígbà náà ẹ ti sọ ara yín di abomirin, ohun tí mo sì ń sọ látẹ̀ẹ̀kan nìyẹn pé mi ò fẹ́.

Oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ ni mo máa tún wú tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé, ẹ wá bù, ó máa pọ̀ ju ohun tí mo fẹ́ lọ. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e délé ni kí ẹ gbìn ín, ẹ bu omi sí i, ẹ má fún un ní ìgbẹ́ ẹṣin. Tó bá sì jẹ́ àárọ̀ lẹ máa wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ bẹ́ẹ̀lì, mo máa ti kó o sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kí n tó lọ sùn.